Ọmọ Ọ̀yà Tí Kò Ní Ìyá: Mílíìkì Wo Ni Ó Yẹ Ẹ́?

Ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí kan ọmọ tí ó pàdánù ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ọmọ ọ̀yà ni.

Ẹni tí ó bá mọ ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ẹran ìgbẹ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ọdẹ a ti pa abo ọ̀yà tán kí ó tó rí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú koríko. Àwọn tí ń sin ọ̀yà ní ẹ̀yìnkùlé ní Ìkòròdú náà mọ̀ pé abo lè kú lẹ́yìn ìbímọ, tàbí kí omi ọmú rẹ̀ má tó. Ta ni a máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́? Ìyàwó ilé ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré, nítorí nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ọ̀yà fi ń lóyún. Ẹni tí àwọn ọmọ ọ̀yà rẹ̀ bá kú ti pàdánù làálàá ọ̀pọ̀ oṣù àti owó tí ó lè ti ilé lẹ́yìn.

Àṣìṣe tèmi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ mi mú ọmọ ọ̀yà méjì bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Mo rò pé ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ ènìyàn kò lè ṣàìmọ bí a ti í tọ́ ọmọ ẹran. Mo po mílíìkì kíki aládùn mọ́ omi, mo fi ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn lélẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì ń fi ṣíbí rọ ọ́ bí àwọn ìyá wa ti ń rọ ọmọ ní ẹ̀kọ mímu. Ó sín, mílíìkì sì tú jáde ní imú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Èkejì ni mo fi kọ́gbọ́n, òun sì yè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí ọ̀yà jẹ́. Ìhòòhò ni a ń bí ọmọ ehoro, ojú rẹ̀ a sì wà ní pípadé. Ọmọ ọ̀yà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ní irun lára, ojú rẹ̀ ti là, ó sì lè rìn ní ọjọ́ tí a bí i. Bákan náà ni ẹmọ́ òyìnbó, àti chinchilla, ẹranko kékeré onírun múlọ́múlọ́ tí ó ti orí òkè Andes ní ilẹ̀ Chile wá. Ìbátan ọ̀yà ni àwọn méjèèjì, ìrírí àwọn tí ń tọ́ wọn sì wúlò fún wa. Láti ìgbà tí ọmọ ọ̀yà ti wà ní ọjọ́ díẹ̀ ni ó ti ń tọ́ koríko wò. Nítorí náà, ìrànlọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni mílíìkì jẹ́ fún un. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀.

Kí a tó ronú kan mílíìkì, ẹ wá alágbàtọ́. Bí abo ọ̀yà mìíràn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ gbé ọmọ náà sí àárín àwọn ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì dúró wò ó. Bí ó bá gbà á, ẹ dúpẹ́. Bí ó bá ń gé e jẹ, ẹ tètè gbé e kúrò.

Bí kò bá sí alágbàtọ́, mílíìkì ewúrẹ́ tí a ti sè tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ dára. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lo mílíìkì olómi inú agolo, èyí tí kò ní ṣúgà: ìwọ̀n kan mílíìkì, ìwọ̀n kan omi tí a ti sè. Ẹ má lo mílíìkì kíki aládùn, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ lè mú kí ó ṣu gbuuru. Ní ti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, ẹ ka ara agolo dáadáa, nítorí òróró ewéko ni a fi rọ́pò ọ̀rá wàrà nínú àwọn mìíràn. Ògì kì í ṣe mílíìkì, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fún un ní ohun mímu oníkòkó.

Ṣùgbọ́n mílíìkì tí ó dára jù lọ pàápàá lè pa ọmọ ọ̀yà bí ọwọ́ tí ń fún un kò bá ní sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ gbóná, nítorí ọmọ tí òtútù mú kò lè jẹun kí ó dà nínú rẹ̀. Páálí tí a tẹ́ aṣọ sí, pẹ̀lú ìgò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a fi aṣọ wé, ti tó. Ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi síríǹjì kékeré tí kò ní abẹ́rẹ́ kán mílíìkì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, kí òun fúnra rẹ̀ máa lá a. Nígbà tí ó bá yí ẹnu kúrò, ó tó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa fún un ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Tuntun ni kí ẹ máa pò nígbà gbogbo. Ẹ da àṣẹ́kù nù, kí ẹ sì fi omi híhó fọ síríǹjì. Ẹ má ṣe lo ìgò tàbí ṣíbí ọmọ yín fún un, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ẹ fi ọ̀mùnú èèsún tí kò ní ìrì lára sí iwájú rẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀ lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Bí ó bá ń fúyẹ́ sí i, tàbí tí ó ń ṣu gbuuru, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí ó bá ń wúwo sí i, ẹ máa dín mílíìkì kù díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, yóò bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin abiyamọ, nígbà tí mo sin ọmọ ọ̀yà yẹn sí ẹ̀yìnkùlé ni mo rántí bí mo ti rọ àkọ́bí mi lágbo, tí ó ń sunkún, tí ó sì ń họ. Ọ̀nà kan náà ni mílíìkì gbà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹran tí agbo lè gbà wọ ti ọmọ. Ọmú ìyá nìkan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ó la ẹnu fúnra rẹ̀.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.