Ohun Ìkọ̀sẹ̀ Níwájú Afọ́jú

Lefitiku 19:14 kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fi ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Òkúta nìkan kọ́ o. Ìwé ìdánwò náà lè di òkúta.

Ọmọkùnrin afọ́jú kan wà nínú ìjọ wa. Ó ń fi ìka ka ìbéèrè ìṣirò lọ geere, àfi ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ní kí ó wo àwòrán òkè. Kò sí àwòrán níbẹ̀! Kò sẹ́ni tó fi ìlà tó yọ sókè yà á kí ọwọ́ lè bà á. Ẹkún ló sun wálé. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Ìwé ni kò pé.

Láti ọdún 1829 ni Louis Braille, afọ́jú ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gbé àmì mẹ́fà tí ìka ń kà yìí jáde. JAMB náà yan ìgbìmọ̀ àkànṣe fún àwọn afọ́jú lọ́dún 2017. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí afọ́jú tó mọ̀wé máa yẹ ìbéèrè wò kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, kí a sì fi àsìkò kún àsìkò wọn, nítorí ìka kì í yára bí ojú.

Ará, Jésù kò sọ owó sọ́wọ́ Batimeu kí Ó sì kọjá lọ. Ó bi í ní ohun tó ń fẹ́. Ọmọ tiwa kò tọrọ bárà. Ìbéèrè tí ìka rẹ̀ lè kà ló ń fẹ́.

Kí Olúwa la ojú àwa tí a rò pé a ríran. Àmín.