Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Ìyá Ẹja?

Láti oṣù kejì ọdún 2024 tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ ti fọwọ́ sí àbá ìgbìmọ̀ Oronsaye, pé kí wọ́n da àwọn àjọ kan pọ̀ kí wọ́n sì pa àwọn kan rẹ́, bíbú ilé ìwádìí ìjọba ti di iṣẹ́ òòjọ́ fún àwọn kan nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ: ìwé ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, orí pẹpẹ ni wọ́n ń tò ó sí, kí ìjọba yáa gbé e fún aládàáni. Bí ọ̀rọ̀ bá wá kan Nigerian Institute for Oceanography and Marine Research, NIOMR, tó wà ní Victoria Island, ohùn wọn a tún le sí i. Wọ́n ní láti 1975 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹja kò dínwó, kí ni wọ́n tún ń fi í ṣe? Kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ta ni yóò máa tọ́jú ìyá ẹja?

Ẹni tó bá dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ní Ìlúpéjú lọ́sàn-án, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, yóò rí ọ̀rọ̀ náà nínú àwo. Ẹja Títù ló wà lórí ìrẹsì. Òkun àríwá Yúróòpù ni wọ́n ti pa á, inú yìnyín ló wà títí ó fi dé èbúté, páálí ni wọ́n fi ń tà á fún alájàpá. Bí dọ́là bá ti gbéra, ọ̀bẹ ìyá olóúnjẹ náà a gbéra, ibi tí a ti ń gé ẹja sí mẹ́rin a di mẹ́fà. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn sọ pé ẹja tí orílẹ̀-èdè yìí nílò lọ́dún lé ní mílíọ̀nù 3 tọ́ọ̀nù, èyí tí à ń pèsè nílé kò sì tó ìdajì rẹ̀. Ẹja kan ṣoṣo tí ọwọ́ àwọn ọlọ́sìn wa tẹ̀ dáadáa láti fi dí àlàfo náà ni àrọ̀.

Àrọ̀ kì í sì í dédé yé nínú adágún àtọwọ́dá. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún abo kí ẹyin tó lè pọ́n, wọn a wá fún ẹyin náà jáde sínú abọ́. Ní ti akọ, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń bá a lọ, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ń là kí wọ́n tó rí àtọ̀. Ẹyin kì í pẹ́ pa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tó ṣòro ni kí èèyàn mọ ìran tí akọ àti abo náà ti wá. Ẹja tó bá yára dàgbà ni oníbàárà ń kọ́kọ́ rà lọ, èyí tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ń sọ di ìyá ẹja tí yóò máa bímọ. Ọmọ ìyá kan náà ń bá ara wọn bímọ, àwọn ọmọ wọn tún ń bá ara wọn bímọ. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, èèyàn yóò fi oúnjẹ olówó gọbọi bọ́ ẹja fún oṣù mẹ́fà, orí nìkan ni yóò tóbi.

Láti dá ìran tó dára sílẹ̀, wọ́n ní láti sàmì sí ẹja kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí wọ́n máa wọ̀n wọ́n, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdá omi àti iná dúró. Aládàáni wo ni yóò ṣe é? Ẹni tó bá ra ọmọ ẹja náà lónìí lè fi í ṣe ìyá lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní san kọ́bọ̀ fún ẹni tó làágùn lé e lórí. Oníṣòwò tó gbọ́n kò ní dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn kò sì lè dá a lẹ́bi. Owó gbogbo ìlú ló ń ṣe é, níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é yọrí.

Àwọn ará Nọ́ọ́wè tí ń kó òkporókó wá fún wa ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ wọn kó ẹyin sámọ́ọ̀nù láti nǹkan bí 40 odò, wọ́n sì ń ṣa èyí tó dára jù lọ láti ìran dé ìran. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n mú lọ sí Fílípíìnì ní 1988 láti fi tún èpìyà ṣe. Níbo ni wọ́n ti rí èpìyà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Gánà, Íjíbítì, Kẹ́ńyà àti Sẹ̀nẹ̀gà wà lára ibẹ̀. Gánà kò fọwọ́ lẹ́rán: ilé ìwádìí ìjọba wọn ní Akosombo dá èpìyà tiwọn sílẹ̀ láti inú odò Volta, ó sì ń yára dàgbà ju èyí tí wọ́n ń fi àwọ̀n kó nínú odò lọ. Àrọ̀ ńkọ́? Láàárín àwọn ọdún 1970 yẹn kan náà ni àwọn ará Hóláńdì kó o láti Áfíríkà, wọ́n tọ́jú ìran rẹ̀. Lónìí, bí ọlọ́sìn ẹja ní Èkó bá fẹ́ yangàn, yóò ní ìyá ẹja òun, Dutch ni. Ẹja ilẹ̀ Áfíríkà ni o! Èyí dun ni ju iye owó Títù lọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tó ṣì ń pariwo pé kí wọ́n ti ilé ìwádìí pa kò fẹ́ kí ìlú yìí ní ohun tirẹ̀.

Wọ́n ní NIOMR kò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni. Àárò tí wọ́n ń fi gáàsì yan ẹja, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Magbon-Aládé, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Ẹ̀ka wọn ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, ni àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà ti wá kọ́ ọ̀sìn ẹja. Wọ́n ní iṣẹ́ náà kò dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Òótọ́ ni. Nígbà tí owó oṣù bá ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣúná, kí ni wọn yóò fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kí ni wọn yóò fi gbé àárò lọ bá àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́? Èèyàn kì í fi ebi pa ẹṣin kó tún bú u pé kò sáré. Wọ́n ní kí a máa ra ìyá ẹja lókè òkun. Dọ́là tó sọ Títù di ẹja wẹ́wẹ́ ni yóò rà á.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹja tún wà ńbẹ̀, òun ló ń gba ohun tó ju ìdajì owó ọlọ́sìn lọ. Àyíká Ìkẹjà àti Agége yìí kún fún ohun tí wọ́n lè fi ṣe é: ẹ̀jẹ̀ màlúù ní ilé ẹran Oko-Ọba, èérí ọkà ní ilé ọtí Ògbà. Ilé ìwádìí tó lè ṣe iṣẹ́ náà, Federal Institute of Industrial Research, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, wà ní Oṣòdì, kò jìnnà sí Ìlúpéjú rárá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lo ìmọ̀ tó bá jáde níbẹ̀? Ẹni tó bá rin ọ̀nà Coker dé Industrial Avenue ní Ìlúpéjú yóò rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń dún nígbà kan tó ti di ilé ìjọsìn, èyí tó ti di ilé àpèjẹ, àti èyí tí wọ́n ń kó ọjà òkèèrè pamọ́ sí. Àwọn bàbá tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń ṣọ́ géètì báyìí. Iná ló lé àwọn ilé iṣẹ́ náà lọ, iná àti dísẹ́ẹ̀lì, kò sì sí ìjọba kan tó lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ẹ̀. Iná yẹn kan náà ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ìyá ẹja ń lò. Bó bá kú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọdún mẹ́jọ lè léfòó kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nítorí náà, kí àwọn aṣòfin ya owó ìyá ẹja sọ́tọ̀ nínú ìṣúná, kí ẹnikẹ́ni má fi san owó oṣù, kó sì jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá láìyẹ̀. Kí NIOMR fún àwọn ọlọ́sìn ní Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Odogunyan ní Ìkòròdú ní ọmọ ẹja, kí àwọn yẹn máa wọ̀n ọ́n, kí wọ́n máa jábọ̀. Kí wọ́n sì tètè kó àrọ̀ odò wa jọ kí ìran wọn tó dàrú. Nígbà tí omíyalé jà ní 2022, ẹja inú adágún tó ya bá odò lọ, wọ́n sì lè máa bá ti inú odò bímọ níbẹ̀.