Kì í ṣe ègún ìdílé, kòkòrò ni!

Ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Bí ikùn ẹ̀gbọ́n bá wú, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tó kú, tí àbúrò tún lọ bẹ́ẹ̀, kí la máa ń sọ? Pé ayé ló ṣe wọ́n. Pé ègún ìdílé ni. Wọ́n á fojú àjẹ́ wo ìyá, ilé á tú.

Irọ́ ni! Kòkòrò hépatite B ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà wa. Ìyá lè kó o ran ọmọ lọ́jọ́ ìbí láìmọ̀. Nínú ìkókó 10 tó bá kó o, nǹkan bíi 9 ni yóò gbé e dàgbà, torí ara wọn kò tíì gbọ́n tó láti lé e. Nínú àgbàlagbà 100, àwọn tí kì í lè lé e kò tó 10. Ìdí rèé tí ọmọ ìyá kan náà fi ń tẹ̀ léra wọn lọ.

Àwọn kan á ní: "Ṣebí àwọn dókítà náà ní jíìnì wà níbẹ̀?" Ó wà. Jíìnì HLA, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti dá ọ̀tá mọ̀, kò rí bákan náà lára gbogbo wa. Ṣùgbọ́n a ò lè pààrọ̀ jíìnì. A lè dínà mọ́ kòkòrò. Kódà oró inú àgbàdo àti ẹ̀pà tó ti bu máa ń ba jíìnì TP53 jẹ́, èyí tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ṣé ègún ló ní ká má sá àgbàdo gbẹ dáadáa?

Ní Taiwan, ìwádìí ọdún 1981 fi hàn pé ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ju ìlọ́po 200 lọ fún ọkùnrin tí àmì HBsAg wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti 1984 ni wọ́n ti ń fún àwọn ìkókó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sì dínkù gan-an lára àwọn ọmọdé wọn. Ṣé abẹ́rẹ́ ń lé ègún ni?

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní in nínú ilé, kí gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò HBsAg. Ẹni tí kò ní in, kó gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó ní in, kó má ṣe sá fún dókítà. Kí ọmọ tuntun gba tirẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ má sì ya àwo oúnjẹ aláìsàn sọ́tọ̀: jíjẹun pọ̀ kì í kó o ranni.

Owó tí ẹ fẹ́ fi wá àjẹ́ kiri, ẹ fi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.