Físà Ẹyọ Kan, Ẹrù Ẹni Méjì: Ohun Tí Òfin Ìlú Ọba Sọ Jápa Dà

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, títí dé Bẹyẹrúnkà, ọ̀rọ̀ jápa ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Ẹni tó ń lọ ló yí padà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tọkọtaya ló ń di ẹrù, àwọn ọmọ á tẹ̀ lé wọn, agbo ilé á sì sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Ní báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ ọkọ̀ Èkó pẹ̀lú àpótí méjì. Ìyàwó wà nílé, ọmọ wà nílé. Bí kò bá sì tíì gbéyàwó, òun nìkan ni gbogbo ẹbí dáwó lé lórí.

Àwọn kan rò pé ìfẹ́ inú ni, pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní fẹ́ràn àtimáa dá gbé. Rárá o. Òfin ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin náà ò kàn mú kí èèyàn dá wà lásán. Ó yọ owó kúrò nínú ìrìn àjò náà, ọ̀pọ̀ ẹbí ni ò sì tíì jókòó ṣírò iye tó lọ kí wọ́n tó san tiwọn.

Bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì

Ní ọdún 2019, físà tí Ìlú Ọba fún àwọn ẹbí tó tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà lọ jẹ́ 1,586. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti di 60,923. Ariwo sọ lọ́hùn-ún, ìjọba wọn sì dìde sí i. Láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ka másítà olódún kan kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tó ń lọ ṣe ìwádìí, irú bíi PhD, ló ṣì lè mú ẹbí lọ.

Wọn ò dúró síbẹ̀. Láti ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2024, àwọn tó ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó náà ò lè mú ẹbí lọ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 22, oṣù keje, ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ yẹn pa mọ́ ẹni tí kò bá tíì sí nínú ìlú wọn. Ọ̀kan ṣì ń bọ̀ lọ́nà: ẹni tó bá kàwé tán, tó béèrè físà Graduate láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 2027, oṣù 18 ló máa gbà dípò ọdún méjì, àfi ẹni tó bá ṣe PhD.

Owó tó bá ìyàwó dúró sílé

Ẹ jẹ́ ká fi ojú owó wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju iṣẹ́ wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Ṣùgbọ́n ọkọ tàbí ìyàwó tó bá tẹ̀ lé e lọ, òfin ò ka wákàtí fún un. Òun ló máa ń ṣe iṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó, òun ló máa ń gbé páálí nílé ìkẹ́rùsí ní òpin ọ̀sẹ̀. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń san ilé, òun náà ni wọ́n fi ń dí ihò owó ilé-ìwé tó kù. Ohun tó gbé jápa ìgbà yẹn ró nìyẹn. Ẹnì kan ń kàwé, ẹnì kejì ń wá owó.

Òfin 2024 mú ẹnì kejì kúrò. Kí ló wá kù fún ẹnì kìíní? Láti oṣù kẹrin ọdún 2026, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 jẹ́ £12.71 ní wákàtí kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe wákàtí 20 rẹ̀ pé pérépéré, £254 ló máa rí lọ́sẹ̀, nǹkan bí £1,101 lóṣù. Ìjọba Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ sì sọ pé ẹni tó bá máa gbé níta Lọ́ńdọ̀n gbọ́dọ̀ ní £1,171 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, àti £1,529 bó bá jẹ́ inú Lọ́ńdọ̀n. Oúnjẹ, ilé àti ọkọ̀ ni wọ́n ń bá wí o, owó ilé-ìwé ò sí níbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i? Bí ọmọ náà bá tiẹ̀ rí iṣẹ́ lọ́jọ́ tó balẹ̀, tí kò ṣàìsàn rí, tí kò sì pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, owó rẹ̀ ò tíì tó ohun tí ìjọba ibẹ̀ pè ní owó jíjẹ. Kò sì sẹ́ni tó ń rí iṣẹ́ lọ́jọ́ tó balẹ̀. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "ẹ ṣáà débẹ̀ ná, iṣẹ́ ló máa san ìyókù," ẹ ní kó mú bírò àti ìwé wá.

Owó ìfihàn yàtọ̀ sí owó ọwọ́

Èyí tó tún burú ni owó tí wọ́n ń fi han àwọn tó ń fún ni ní físà. Òfin ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìgbọ́bùkátà oṣù mẹ́sàn-án ní àkáǹtì, kó sì sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ 28, yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé tó bá kù. Fún ẹni tó ń lọ síta Lọ́ńdọ̀n, £10,539 nìyẹn. Fún ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀n, £13,761 ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ yé èèyàn: wọn ò fẹ́ kí ebi pa àlejò láàárín ìgboro wọn. Ṣùgbọ́n nílé níbí, ó ti di òwò. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n yá èèyàn lówó náà fún ọjọ́ 28, kí wọ́n gba èlé, kí wọ́n sì kó owó wọn padà bí físà bá ti jáde. Lórí ìwé, olówó ló wọ bàálù. Ní òótọ́, gbèsè ló wọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́sàn-án tí òfin ṣètò fún ìtura ọmọ náà ti padà sí àkáǹtì ẹlòmíì kó tó dé Ìkẹjà.

Ẹ fi ti náírà kún un. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó fi owó ọjà ṣírò owó ilé-ìwé ọmọ ní 2022, ìlọ́po mẹ́ta ló padà ń wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, BBC gbé e jáde pé wọ́n yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Teesside University, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé, torí pé náírà tó já kò jẹ́ kí wọ́n lè san owó wọn lásìkò. Yunifásítì náà ní àìsan owó lòdì sí òfin físà, pé dandan ni kí àwọn fi tó ìjọba létí. Ká bínú, ká má bínú, bí òfin ṣe rí nìyẹn: owó ilé-ìwé tó bá dákú, físà ń bá a dákú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Pẹ̀lú gbogbo ìṣirò yìí, ẹnì kan máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní oṣù kìíní, nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló máa ń pinnu ọ̀pọ̀ nǹkan.

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí orí máa sùn. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń fẹ́ onídùúró tó ń gbé Ìlú Ọba. Àlejò ò ní in. Ibẹ̀ ni àwọn oníjìbìtì ti ń rí iṣẹ́ ṣe: wọ́n á fi àwòrán yàrá tó dára sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gba owó oṣù díẹ̀ sílẹ̀ láti Nàìjíríà, ọmọ á sì dé àdírẹ́sì náà kó tó mọ̀ pé kò sí yàrá kankan níbẹ̀. Ẹ má san owó yàrá tí ojú ẹnikẹ́ni yín ò tíì rí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè yàrá lọ́wọ́ ilé-ìwé.

Ìkejì ni ìwé. Káàdì BRP tí àwọn tó lọ tẹ́lẹ̀ ń gbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀. eVisa ni báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹ ṣí àkáǹtì UKVI kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì rí i pé pásípọ́ọ̀tì tí ẹ mú dání ló so mọ́ ọn, torí inú rẹ̀ lẹ ti máa mú share code tí onílé àti agbanisíṣẹ́ máa béèrè.

Ìkẹta ni ìlera. Ẹ ti san £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú ìlera kí físà tó jáde. Owó yín ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP títí àìsàn á fi dé. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, kò sì pọn dandan kí ẹ mú ìwé àdírẹ́sì lọ. Nọ́ńbà National Insurance náà, ọ̀fẹ́ ni, orí ìkànnì ìjọba lẹ ti máa béèrè rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì yá kó tó dé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹrin ni fóònù ilé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n kan á ti pè pé owó ilé-ìwé ọmọ òun ti tó san. Ọmọ tó ń fi búrẹ́dì àti tíì ṣe oúnjẹ alẹ́ máa ní òun á wò ó, torí ojú ń tì í. Bí gbèsè kejì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́

Ìlú àwọn tó rìnrìn àjò ni Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dé láti òkèèrè kì í kàn dúró sí ìta gbangba. Abẹ́ olóyè kan ló máa ń lọ, ibẹ̀ ló ti máa ń rí ilẹ̀ ilé àti ilẹ̀ oko, tòun náà á sì máa tẹ̀ lé olóyè náà lọ ogun. Púpọ̀ nínú agbo ilé tó yí Mápó ká lónìí, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Èjìgbò tí wọ́n lọ ṣòwò ní Gánà náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́ tó bá ń lọ, ọ̀dọ̀ ará ìlú rẹ̀ ló ń lọ. Á sùn níbẹ̀, á bá a tajà, á kọ́ èdè, kó tó dá dúró. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ọ̀pọ̀ fi ọjà àti ilé sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹni tó ṣì ní ibi tó lè padà sí nílé, òun ló tètè gbéra nílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: àlejò nílò ẹni tó máa gbà á, kò sì yẹ kó ta ilé kó tó lọ, torí òfin ìlú olówó lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ajẹ́ǹtì ò lè rọ́pò ẹni tó máa gba èèyàn lálejò. Àwọn tó ra ìwé iṣẹ́ ìtọ́jú lọ́wọ́ ajẹ́ǹtì lè jẹ́rìí sí i. Láàárín oṣù keje ọdún 2022 sí ìparí ọdún 2024, ìjọba Ìlú Ọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú tó ju 470 lọ. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 60 ni òṣìṣẹ́ sábà máa ń ní láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kó máa lọ. Ajẹ́ǹtì ti gba owó tirẹ̀, kì í gbé fóònù mọ́.

Kí ìyá tó ta ọjà rẹ̀

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Mo mọ ohun tó ń lé èèyàn kúrò nílé. Ṣùgbọ́n kí ìyá kan tó kó owó òwò rẹ̀ kúrò ní Ọjà'ba, kí ẹbí tó ta ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀, ẹ jókòó yí ọmọ náà ká, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta.

Ta ló máa gbà ọ́ sílé fún oṣù kan, ṣé òun fúnra rẹ̀ ti bá wa sọ̀rọ̀, kì í ṣe pé ìwọ lo ní ó gbà? Èló ló jẹ́ tìrẹ nínú owó tó wà ní àkáǹtì yẹn, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà padà? Bí náírà bá tún já lọ́dún tó ń bọ̀, níbo ni ìdá owó ilé-ìwé tó kù ti máa wá?

Bí ìdáhùn ò bá sí fún méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ní kó sún un síwájú. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló máa ń gbà kí èèyàn sún ìwọlé rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ojú lè tini díẹ̀ ládùúgbò, ṣùgbọ́n ọdún kan nílé sàn ju kí wọ́n dá èèyàn padà láìní ìwé ẹ̀rí, láìní ọjà, láìní ilẹ̀.

Bí ìdáhùn bá sì wà, kó máa lọ, kí ẹbí náà sì ṣe tiwọn: kí ẹnikẹ́ni má béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Àwọn ará wa tó ti ń gbé Peckham àti Manchester náà ní iṣẹ́ tiwọn. Àga gígùn inú pálọ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè gba ọmọ kan lọ́wọ́ oníjìbìtì. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Òfin Ìlú Ọba ti gé ọwọ́ kejì, àwa la máa wá òmíràn.