Wọ́n Gba Orin Lọ́fẹ̀ẹ́, Wọ́n Tún Fi Ẹ̀yìn Agbo Ṣe Ọjà

Olórin wo ló máa rí ẹni tó ń fi téèpù gba orin òun lójú agbo tí kò ní bínú? Àwọn Grateful Dead ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1965. Nígbà tó di 1984, wọ́n tilẹ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fáwọn onítéèpù. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n fẹ́: gba tèmi, fún mi ní tìrẹ. Wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà á lówó.

Ká má parọ́, àwo orin wọn ò dùn tó ojú agbo wọn. Orin àná kì í ṣe tòní, ìdí nìyẹn táwọn Deadheads, bí wọ́n ti ń pe àwọn olólùfẹ́ wọn, fi ń tẹ̀lé wọn láti ìlú dé ìlú.

Owó epo ọkọ̀ ńkọ́? Ọjà ni o! Ẹ̀yin ìyá aláàdìrẹ, ẹ gbọ́: ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n ń pàtẹ sí. Ẹnìkan ń ta búrẹ́dì yíyan tí wàrà wà nínú rẹ̀, ẹlòmíì ń ta ṣẹ́ẹ̀tì aláràbarà tí wọ́n dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́, bí àdìrẹ oníko gẹ́lẹ́.

Orin wọn kan, "Touch of Grey", ló gbayì ní 1987 tí èrò fi ya lù wọ́n. Ní 1989, ẹgbẹ́ ní káwọn ọlọ́jà kó ẹrù wọn. Ẹ̀bi oníbúrẹ́dì kọ́ o! Àwọn tí ò ní tíkẹ́ẹ̀tì ò kúkú yéé wá. Ní oṣù keje 1995, wọ́n wó ọgbà wọlé ní Indiana. Agbo ọjọ́ kejì ò wáyé mọ́.

Jerry Garcia, onígìtá wọn, kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ tú ká. Téèpù ṣì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì.