Ẹ Má Ṣe Fi Àìsàn Pamọ́ fún Dókítà



Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi pamọ́ ni í níyì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò kan àìsàn. Àìsàn tí a bá fi pamọ́ fún dókítà kì í níyì. Ńṣe ni í máa ń dàgbà sí wa lára.

Àwa tí a ń gbé Snake Island mọ ohun tí ó ń ná wa kí á tó fojú kan dókítà àgbà. A ó wọ ọkọ̀ ojú omi, a ó sọdá lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Àpápá tàbí ní Ajégúnlẹ̀. Owó ọkọ̀ ti lọ, ọjà ọjọ́ náà ti bọ́, a ó sì tún jókòó títí yóò fi kàn wá. Nígbà tí dókítà bá wá béèrè pé kí ló ń ṣe wá, a ó ní, "Ara ríro ni, dókítà." A kò ní sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. A kò ní sọ pé kókó kan wà ní ọmú. A kò ní sọ pé ó ti pé oṣù méjì tí a ti ń lo àgbo àti oògùn kẹ́míìsì. A ó gba oògùn ara ríro, a ó sì padà sílé. Ta ni a tàn jẹ?

Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó yìí ní ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, Patrick Sawyer wọ ìlú yìí láti orílẹ̀-èdè Làìbéríà, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọbáléndé, wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú ibà fún un. Wọ́n bi í bóyá ó ti sún mọ́ ẹni tí ó ní Ẹ̀bólà, ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí kan náà ti pa arábìnrin rẹ̀. Dókítà Ameyo Adadevoh kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì jẹ́ kí ó jáde. Èsì dé, Ẹ̀bólà ni. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Dókítà Adadevoh wà lára wọn. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Àwọn kan yóò ní dókítà náà a máa ṣe àṣìṣe. Òótọ́ ni. Olóògbé Àlàájì Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò tí gbogbo wa mọ̀, sọ ní gbangba pé àìsàn mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú fún òun nílé, kí wọ́n tó rí i ní Lọ́ńdọ̀nù pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009. Ṣé kí á wá torí èyí sá fún dókítà? Rárá o. Kí á máa béèrè ni, nítorí abéèrè kì í ṣìnà. Kí ni àyẹ̀wò yìí rí? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ọjọ́ wo ni kí n padà wá? Bí oògùn bá tán tí ara kò yá, kí á padà lọ, tàbí kí á gbé ìwé èsì náà tọ dókítà mìíràn lọ. Èyí kì í ṣe àfojúdi. Ara wa ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni ìyá tí kò gbọ́ òyìnbó máa ń mú lọ ṣe ògbufọ̀. Ohun tí dókítà bá sọ gan-an ni kí ẹ sọ. Ẹ má bù ú kù, ẹ má fi kún un. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ ní kí ó tún un sọ. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ wà tí ìyá kò lè sọ níṣojú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin àgbà ni kí ó bá a lọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife tí a mọ̀ sí T.B. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì ṣe é wò sàn.

Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun kò ní kí á pa ẹnu mọ́ níwájú ẹni tí Ó fún ní ìmọ̀ ìwòsàn. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà, kí Ó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.