Ta Ló Ń Ka Ẹ̀jẹ̀?

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí ni àwọn dókítà wa tó ń ṣèwádìí lórí oyún àti ọmọ tuntun. Iye ìgbà tí ẹlòmíì tọ́ka sí iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń kà bí owó àjọ. N kò bá wọn jà, òun náà ni wọ́n fi ń di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ wo E-MOTIVE, ìwádìí tó jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2023. Ilé ìwòsàn 80 ló kópa, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀rá kan tó ní àmì ìwọ̀n lára ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí agbẹ̀bí má baà máa fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mọ́. Bó bá ti fẹ́ pọ̀ jù, wọ́n á fọwọ́ ra ikùn rẹ̀, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á fa omi sí i lára, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le, pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ àti ikú tó ń tìdí rẹ̀ wá, fi ìdá 60 nínú 100 dín kù lápapọ̀. Ọ̀rá o, ẹ̀yin èèyàn mi! Kí ìgbìmọ̀ tó ń gbéni ga ní yunifásítì jọ̀ọ́ máa béèrè pé: wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí wo ló ti yí ọwọ́ padà nítorí ohun tí o kọ?